Bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ èdè Ítálì sí sílébù

Fáwẹ̀lì ni kí o kọ́kọ́ wá, nítorí kò sí sílébù tí kò ní i. Bí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, èyí tó tẹ̀lé e ló ń bá lọ: ca-sa (ilé), a-mo-re (ìfẹ́).

Kí o tó gé ohunkóhun, wo àwọn lẹ́tà tó para pọ̀ di ìró kan. A kì í pín wọn níyà, bí a kì í ti í pín gb inú àgbàdo. Ba-gno (ilé ìwẹ̀), fi-glio (ọmọkùnrin), pe-sce (ẹja). Ìró k ni ch ń dún, nítorí náà kò sí ìró ṣ kankan nínú bru-schet-ta, ohun yòówù kí àwọn agbáwo Lọ́ńdọ̀nù máa pè é.

Ibi tí ẹnu wa ti ń kọsẹ̀ jù ni kọ́ńsónáǹtì oníbejì. Àárín rẹ̀ là ń gé: pal-la, not-te, gat-to. Bẹ́ẹ̀ náà ni ac-qua. Yorùbá kò ní irú rẹ̀, torí náà a máa ń sọ méjì di ẹyọ kan, ìtumọ̀ á sì yí. No-no ni ìkẹsàn-án, non-no ni bàbá àgbà. Se-te ni òǹgbẹ, set-te ni eéje. Ti ọjọ́ orí ló burú jù. «Ho trent'anni» ni ẹni ọgbọ̀n ọdún ń sọ, ṣùgbọ́n bí o bá pe n ẹyọ kan, ọgbọ̀n ihò ìdí lo sọ pé o ní. Ṣe é báyìí: pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú ní kúkúrú, fi ahọ́n tàbí ètè di kọ́ńsónáǹtì náà mú díẹ̀, kí o tó tú u sílẹ̀. Níbi tó bá ti jẹ́ ẹyọ kan, bíi no-no, fa fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ gùn.

Bí kọ́ńsónáǹtì méjì tó yàtọ̀ bá pàdé, tí l, m, n tàbí r sì ṣíwájú, fáwẹ̀lì ìṣáájú ló ń dúró tì: al-to, cam-po, por-ta. Ṣùgbọ́n bí l tàbí r bá tẹ̀lé b, d, p, t àti irú wọn, wọn kì í pínyà: li-bro, pa-dre. S ni alágídí. Àyàfi tó bá jẹ́ oníbejì, iwájú ló ń lọ: pa-sta, fi-ne-stra. Ọ̀pọ̀ ló ń gé e sí pas-ta, àṣìṣe ni.

Bí i tàbí u bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn, tí a kò tẹ ohùn mọ́ ọn (ìyẹn ni pé a kò pè é kíkankíkan ju ìyókù lọ), yóò dara pọ̀ mọ́ èkejì: pia-no, uo-mo. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n pínyà: zi-o, pa-u-ra. A, e àti o kì í dàpọ̀ láàárín ara wọn: po-e-ta.

Ó wá ku ibi tí a ó tẹ ohùn mọ́. Sílébù kejì láti ẹ̀yìn ló wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, àmì á wà lórí rẹ̀: cit-tà. Ìkẹta láti ẹ̀yìn, bíi ti ta-vo-lo àti te-le-fo-no, kì í sábà ní àmì. Atúmọ̀ èdè ni kí o yẹ̀ wò kí o tó pè é.