Kílò Tó Lọ, Kó Má Padà Wá: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Èkìtì

Ìwé pélébé yìí, tó dá lórí bí èèyàn ṣe lè fọn tí kò fi ní sanra padà, kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń kọ ebè tàbí bí a ṣe ń gúnyán. Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni èyí tí ojú wa rí láàárín Kérésì àti ọdún Àjíǹde tó kọjá. Àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ kí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó gba àwọn. Wọ́n ra tíì ìfọnú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, wọ́n ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀kọ mímu nìkan ni wọ́n sì fi ń gbé ara dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Aṣọ gbà wọ́n lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú lulẹ̀ lójú agbo, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tí èmi nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n dé ìpàdé wọn lẹ́yìn Àjíǹde, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò tíì gba gbogbo kílò rẹ̀ padà. Àwọn méjì tilẹ̀ gba èlé lé e.

Ohun tí tíì ìfọnú ń gbé jáde, omi àti iyọ̀ ara ni, pẹ̀lú ìgbẹ́. Ọ̀rá wà níbi tó wà.

Àṣìṣe kan ṣoṣo la torí rẹ̀ kọ ìwé yìí: kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ohun tó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa dá dúró. Bẹ́ẹ̀ là ń rí i lọ́dọọdún, lọ́kùnrin lóbìnrin, àti àwọn tó kàwé pàápàá. Kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lórí sísanra, títí kan tiwa, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ó ṣì lè máa ṣe é ní Kérésì ọdún mẹ́ta sí i. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Okùn

Ẹ gé okùn tó gùn tó yín láti gìgísẹ̀ dé àtàrí. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ẹ fi yí ikùn ká ní déédéé ìdodo, kí ẹ mí síta, kí ẹ má fa ikùn wọlé (a ti rí yín). Bí ẹnu okùn bá kan ara wọn, ó dáa. Bí kò bá kan ara wọn, ẹ̀yin là ń bá wí. Aláboyún kò sí nínú èyí.

Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n nítòsí, kó gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ kó tó jẹun, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó jẹ́ kílò 90 tó bá dín kílò 4 àbọ̀ kù, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló dín kù yẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì ti máa gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Iyán

Iyán kò ṣẹ̀ wá. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Èkìtì má jẹ iyán mọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti onítọ̀hún yóò fi jọ máa parọ́ fún ara wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iyán ẹni tó ń kọ igba ebè lójúmọ́ ni ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́ ń jẹ. Ọkọ́ ti kúrò lọ́wọ́, òkèlè kò dín kù. Ìyàwó tó ti fi oko sílẹ̀, tó wá ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, abọ́ ìyá rẹ̀ ló ṣì fi ń jẹun.

Nítorí náà, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ tiyín o, kì í ṣe ti ọkọ yín. Obìnrin tó ń jókòó tajà, iyán tó tó ẹ̀ṣẹ́ kan àbọ̀. Ọkùnrin oní-ọ̀kadà, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ṣẹ́ méjì. Ẹni tó kọ ebè lọ́jọ́ yẹn gan-an, mẹ́ta. Ọjọ́ tí kò bá lọ sóko, kó padà sí méjì. Kí ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára má jẹ iyán ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ti ẹ̀bà, láfún àti àmàlà. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti fi àmàlà rọ́pò iyán, ó parí. Òwe ló sọ pé ọkà loògùn, kò sọ oògùn kí ni.

Epo wá ńkọ́? Mo ní kí ìyá kan da epo sínú ìkòkò bó ṣe máa ń dà á, mo wá fi ṣíbí ìjẹun wọ̀n ọ́n. Ṣíbí 19, ọbẹ̀ ẹni márùn-ún. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò mọ̀ pé epo ni ìròjú ọbẹ̀ ni?” Mo ní mo mọ̀, màmá, ṣùgbọ́n ṣíbí 19! Agbára tó wà nínú gíráàmù epo kan ju ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú gíráàmù gààrí gbígbẹ kan lọ, ara tí kò bá sì rí i lò, yóò tọ́jú rẹ̀ sí ikùn. Ṣíbí ìjẹun kan fún ẹni kan. Ìkòkò ẹni mẹ́fà, ṣíbí mẹ́fà, ó tán. Ẹ dáwọ́ fífi kẹ́ẹ̀gì da epo dúró. Ẹ rọ epo ọ̀sẹ̀ kan sínú ìgò kékeré, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò ní ilé ìdáná.

Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, èyí tó bá wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀wà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nítorí ó ń pẹ́ nínú. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo ilé máa jẹ. Obìnrin tó bá ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àárẹ̀ á mú un kí oṣù tó parí, baálé tó sì ń ké pé ọbẹ̀ ò pọ́n, kó lọ fi okùn wọn ikùn tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹun láàárọ̀ kí ẹ tó lọ sóko. Gààrí rírẹ ní aago méjì, òkè iyán ní aago mẹ́sàn-án alẹ́: gbogbo ebi ọjọ́ yẹn lẹ kó jọ sójú abọ́ kan. Kí oúnjẹ alẹ́ má kọjá aago méje.

Ìgò mínírà 50 sẹntilítà lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50. Mọ́ọ̀tì kì í fún ni lẹ́jẹ̀, ẹ yé fi tàn wá. Ní ọjọ́ ìnáwó, ìgò kan péré, omi ni ìyókù.

Rírìn

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni ó kéré tán, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún, kí ẹsẹ̀ yá débi tí ẹ ó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní lè kọrin. Ẹni tó ti fọn, tí kò fẹ́ kó padà, kó máa sún un lọ sí wákàtí kan. Ẹ sọ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ tó délé. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀fọ̀n Aláayè tó ní òun ò rí ibi ṣe eré ìdárayá, kó wo àwọn òkè tó wà níta.

Lẹ́yìn tó bá ti lọ

Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń jábọ́. Ara tó ti fọn kò nílò oúnjẹ tó nílò nígbà tó sanra, ebi rẹ̀ sì tún ń le sí i. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ tóbi sí i lọ́jọ́ tí aṣọ bá gbà yín. Ẹ má jáwọ́ nínú ìwé ìwọ̀n. Bí kílò méjì bá padà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ padà sí ṣíbí àti ẹ̀ṣẹ́, ẹ má dúró de kílò mẹ́wàá. Láti ìgbà tí iṣu tuntun bá dé títí Ùdírókò, ọdún ìbílẹ̀ Adó-Èkìtì, yóò fi kọjá ní oṣù Kẹjọ, ẹ gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé, àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń fọn láìṣe ohunkóhun, pàápàá tó bá ń húkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lónìí.

Ohun kan kù tí òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n: ẹnu èèyàn. Ẹ ó fọn díẹ̀, wọn á ní, “Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?” Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí ìbéèrè yìí padà sí abọ́ àtijọ́. Obìnrin kan tó ti dín kílò 11 kù, tí kò sì jẹ́ kó padà fún ọdún méjì, sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun wá láti Òmùò, ó wò ó tòkè-tilẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ṣé ọmọ mi ò fún ẹ lówó ọbẹ̀ mọ́ ni?” Kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé ìwé rẹ̀ wá, ó fi ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 168 lórí 102 hàn án, ó ṣí i dé ti oṣù tó kọjá, 128 lórí 80, pẹ̀lú oògùn rẹ̀ tí kò fi sílẹ̀. Màmá ní òun ò mọ̀wé. Ó ní kó mú okùn wá.