Ẹ Má Yá Blue Badge Torí Màmá: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Wọn Dé Stonehenge

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì padà sí Kínnírá, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn ìyá tó ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ ní Ìlú Ọba máa ń yà lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó wọ bàálù. Ọ̀rọ̀ òtútù ni wọ́n máa ń bi mí. Ẹ̀yin ọmọ wọn tí ẹ wà lọ́hùn-ún gan-an ni mo fẹ́ bá wí.

Àwọn ọmọ-ọmọ ń kọ́ nípa àwọn ará àtijọ́ nílé-ìwé, wọ́n á ní kí màmá àgbà bá àwọn lọ wo Stonehenge, àwọn òkúta àtijọ́ tó wà nítòsí ìlú Salisbury ní England. Kò burú. Ó ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún tí wọ́n ti to àwọn òkúta ńláńlá ibẹ̀. Orí òkè Preseli ní Wales ni wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké wá, ọ̀nà tó ju kìlómítà 200 lọ. (Ẹni tó bá ti rí òkè Ìgbẹ́tì lè ní kí ni wọ́n ń pariwo lé lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.)

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Bí ẹ ò bá ní mọ́tò, ẹ wọ rélùwéè láti Waterloo ní London dé Salisbury, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ béèrè Passenger Assist, ìyẹn ìrànwọ́ tí rélùwéè ń ṣe fún ẹni tí ìrìn le fún, ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á gbé pátákó sẹ́nu ọkọ̀ kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn ún. Gbogbo èyí ò le.

Blue Badge ló le. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń fún ẹni tí kò lè rìn dáadáa ní káàdì yìí, kí mọ́tò tó gbé e lè dúró nítòsí ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń gbé àdúgbò wọn ni wọ́n ń fún. Màmá tó bá físà àbẹ̀wò wá kò lè gbà á, bó ti wù kí orúnkún dùn wọ́n tó. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti sọ ọ́ di ọjà.

Ọmọ àdúgbò Arówómọlé níbí kan wà lọ́hùn-ún tí orúnkún ìyá rẹ̀ wú. Ará ìjọ kan ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ó yá a ní káàdì bàbá tirẹ̀, ó sì gbowó. Wọ́n dé Salisbury, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ jẹun, wọ́n páàkì sórí ìlà yẹ́lò tí wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò lásán dúró sí, wọ́n gbé káàdì síwájú gíláàsì. Òṣìṣẹ́ káńsù gbà á, ó yí i padà. Fọ́tò wà lẹ́yìn káàdì yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá onírùngbọ̀n ló wà níbẹ̀, màmá sì wé gèlè jókòó síwájú mọ́tò. Ó gba káàdì lọ, ìwé kóòtù tẹ̀ lé e. Màmá bú sẹ́kún, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ dá àwọn padà sílé. Wọn ò rí òkúta kankan lọ́jọ́ náà.

Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, láìka owó ẹjọ́. Owó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìwọ tí o ń dúró de ìwé ìgbélùú, fọ́ọ̀mù á bi ọ́ bóyá kóòtù ti dá ọ lẹ́bi rí. Kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀? Pé orúnkún ń dun màmá? Ẹni tó yá ọ ní káàdì ò ní bá ọ débẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé màmá ò lè rìn lóòótọ́. Mo mọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i nìkan ló ni ín. Bí kò bá sí nínú ìrìn àjò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kó gba orí GOV.UK, ojúlé ìjọba. Ní England, káńsù ò lè gbà ju £10 lọ. Ayédèrú ojúlé pọ̀ tó ń gba owó gọbọi fún iṣẹ́ yìí kan náà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń yá káàdì yìí lọ Stonehenge ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Ilé ìgbàlejò tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013 jìnnà sí òkúta tó máìlì kan àbọ̀, bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn lọ, kẹ̀kẹ́ arọ sì ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú aláìlera kì í san owó ìwọlé. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti màmá. Ẹ tẹ àwọn òṣìṣẹ́ Stonehenge láago ṣáájú, kí ẹ béèrè ibi tí ẹ ti lè sọ màmá kalẹ̀. Shopmobility, àwọn tó ń ran ẹni tí ìrìn le fún lọ́wọ́, máa ń yáni ní kẹ̀kẹ́ arọ ní ọ̀pọ̀ ìlú, àmọ́ ilé ni kí ẹ ti bá màmá sọ ọ́, torí wọ́n á ní àwọn kì í ṣe arọ.

Ọ̀dà wà ní apá kan ọ̀nà tó yí òkúta ká, koríko ni ìyókù. Bí òjò bá ti rọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa rì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn ahéré ẹlẹ́fun olórùlé koríko, irú ilé àwọn ará àtijọ́, tó wà lẹ́yìn ilé ìgbàlejò. Màmá tó bá dàgbà sí abà á rí ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀ ju ìdí òkúta lọ. Súwẹ́tà o, kódà nínú oṣù kẹjọ.