Bí a ṣe ń bu omi kànga lọ fún àyẹ̀wò òjé àti mẹ́kúrì

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà, ní Igun, ní Ifẹ̀wàrà àti káàkiri. Ibi tí wọ́n bá ti tú ilẹ̀, tí wọ́n fọ yẹ̀pẹ̀, òjé àti ásẹ́nìkì (ohun olóró kan) tó wà nínú òkúta lè bá àgbàrá lọ. Àwọn kan tún ń fi mẹ́kúrì, mẹ́tàlì olóró tó máa ń ṣàn bí omi, kó góòlù jọ. Ohun tó bá dé odò Ọ̀ṣun ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì, ó sì lè ti ibẹ̀ dé òkun. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó lè ti kọ́kọ́ wọ kànga wa. Òjé inú omi kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, nítorí náà ẹ má tìtorí pé omi yín mọ́ gaara kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá yàrá àyẹ̀wò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bu omi rárá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá: òjé, mẹ́kúrì, ásẹ́nìkì, àti kádíọ̀mù tí òun náà jẹ́ mẹ́tàlì olóró. Ẹni tó bá kàn ní kí wọ́n bá òun yẹ omi wò, kòkòrò àìsàn nìkan ni wọ́n lè wò fún un.

Ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti gba ìgò. Ìgò ike tí wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ dára fún òjé, ṣùgbọ́n ìgò gíláàsì ló yẹ mẹ́kúrì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti kán ásíìdì sínú rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣan ìgò náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó kàn yín lára. Bí kò bá sí, ẹ fi omi kànga yẹn ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí a bá ń fa omi. Korobá onírin àti ṣéènì lè fi mẹ́tàlì tiwọn kún omi, tí èsì á sì pa irọ́ mọ́ kànga. Korobá ike àti okùn ni kí ẹ lò. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní páúdà. Ẹ fa omi díẹ̀ dànù, kí ẹ tó fa èyí tí ẹ máa gbé lọ, ẹ má sì jẹ́ kí korobá kan ìsàlẹ̀, torí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ń di mẹ́tàlì mú.

Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni, ìgò méjì ni kí ẹ bù: ọ̀kan láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ, ìkejì lẹ́yìn tí omi bá ti ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí òjé bá pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ tí kò pọ̀ nínú ìkejì, páìpù tàbí ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ fura sí. Pípààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ sì rọrùn ju gbígbẹ́ kànga tuntun lọ.

Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti aago sára ìgò, kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí èsì bá dé, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa: míligíráàmù 1 jẹ́ máíkírógíráàmù 1,000. Nínú lítà omi kan, òjé kò gbọdọ̀ ju míligíráàmù 0.01 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ásẹ́nìkì. Ti mẹ́kúrì, nínú òfin Nàìjíríà, jẹ́ míligíráàmù 0.001.

Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sè é: omi ló ń gbẹ, mẹ́tàlì á ṣẹ́ kù síbẹ̀, á tún ki sí i. Kílórínì ń pa kòkòrò, kì í yọ òjé. Ẹ wá omi mìíràn fún mímu àti oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọdé àti aláboyún. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Lẹ́yìn náà, ẹ tún omi náà yẹ̀ wò nígbà òjò, nígbà tí àgbàrá ń ṣàn.