Bí mo ṣe dáná pizza nínú ìkòkò irin ní Kabba

Oṣù kẹta ni, ooru Kabba ti dé ibi tó ń dé. Kajú ń já bọ́ lẹ́yìnkùlé wa, máńgòrò náà ti ń pọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Mọ́mì pé èyí tí wọ́n ń tà fún wa nínú páálí, tó ki bíi búrẹ́dì, tó ń dùn bíi ṣúgà, kì í ṣe pizza. Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣe tèmi káwọn rí i.

Fúláwà 500 gíráàmù, omi 320, iyọ̀ 10, ìwúkàrà tí kò kún ìdajì ṣíbí kékeré. Kò sí ṣúgà, kò sí òróró. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Naples, ìlú kan ní Ítálì, nìyẹn. Mo pò ó lálẹ́ pé kó sùn di ọjọ́ kejì, àmọ́ nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ó ti wú kan ìdérí. Ni mo bá kì í bọ kúlà pẹ̀lú píọ̀ wọ́tà dídì méjì.

Wàrà ni mo fi ṣe chíìsì, lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan lọ́jà. Kẹ́ ẹ má tan ara yín o: wàrà kì í yọ́. Ṣe ló máa ń pọ́n létí bí ìgbà téèyàn dín in. Mo fún omi rẹ̀ dànù, mo fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ sórí tòmátò tútù tí mo fọwọ́ rún.

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mo da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, mo gbé e ka èédú. Nígbà tí mo ṣí i, abẹ́ rẹ̀ ti dúdú kirikiri, orí rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ààrò Naples máa ń gbóná tó 485 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, pizza ti jinná, torí iná ń kàn án lábẹ́, ó ń kàn án lórí. Tèmi, abẹ́ nìkan.

Mọ́mì ò tiẹ̀ dìde lórí àpótí. "Kó èédú sórí ìdérí. Báwo lo ṣe rò pé a ń yan kéèkì kí gáàsì tó dé?"

Mo kó o sí i, mo jẹ́ kí ìkòkò gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó ti èkejì bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú méje péré! Etí rẹ̀ wú, ó ní àmì dúdú kéékèèké, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ọ̀bẹ.

Ẹ̀kẹta ni mo fi máńgòrò sí, èyí tí kò tíì rọ̀ tán, mo gé e fẹ́lẹ́ mọ́ ata rodo, lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná kí omi rẹ̀ má baà rin ín. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ bú Sam Panopoulos tó gbé ọ̀pẹ òyìnbó sórí pizza ní Kánádà lọ́dún 1962. Mo fẹ́ mu omi kajú tì í, Mọ́mì gba ife lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kajú òun wàrà kì í pàdé níkùn. Mi ò jiyàn. Àwọn ló ni èédú.

Aládùúgbò wa kí wa ní "okun o" látẹ̀yìn ọgbà, ó ní kí ló ń ta sánsán báyìí. Bí ìyókù ṣe tán nìyẹn. Mọ́mì ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gúsí làwọn fẹ́ lórí tiwọn.