Bí o ṣe lè fi ọlidé bá aládìrẹ ṣiṣẹ́, kí o sì tún ráyè ta ayò

Ìparí oṣù keje ni ọlidé gígùn máa ń bẹ̀rẹ̀, ó di oṣù kẹsàn-án kí ilé ìwé tó wọlé. Nígbà tí mo wà ní SS1, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni oorun dùn mọ́ mi lójú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá mi wò mí lórí àga, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ṣé ibẹ̀ lo máa gbó sí?" Bí wọ́n ṣe mú mi lọ bá àǹtí wọn kan tó jẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú nìyẹn, níbí ní Abẹ́òkúta. Ọlidé mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é, ẹ jókòó.

Kí o tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni, béèrè nǹkan mẹ́ta: aago mélòó ni mo máa dé, aago mélòó ni mo máa lọ, èló ni. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti bi àgbà ní ọ̀rọ̀ owó. Jẹ́ kí òbí rẹ bá ẹ béèrè. Màmá mi ló bá mi sọ ọ́: aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ₦300 lóòjọ́, oúnjẹ ọ̀sán lọ́rùn ọ̀gá. Nínú gbogbo ẹ̀, aago mẹ́rin yẹn ni kí o dì mú jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ò béèrè nǹkan kan. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó ní kó máa lọ, nígbà tí ọlidé sì parí, aṣọ ọ̀pá mẹ́ta tó ti lábàwọ́n ni wọ́n ká lé e lọ́wọ́, wọ́n ní owó rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má fi "ẹ káàárọ̀" nìkan kí wọn. Aláró ní ìkíni tiwọn. "Àrẹ̀dú o!" ni wọ́n máa ń kí wọn. Bàbá mi àgbà ló kọ́ mi, mo sì lò ó láìmọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá àgbà tó ń ṣan aṣọ lẹ́yìnkùlé gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ ta nìyí?" Láti ọjọ́ náà, ẹran inú ọbẹ̀ tèmi a máa tóbi díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ.

Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ fi ìkòkò aró lé ẹ lọ́wọ́. Dídì ni wọ́n máa fún ẹ. Àdìrẹ oníko ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: o máa fọwọ́ mú aṣọ funfun ní ṣóńṣó, o máa wé ìko, ìyẹn fọ́nrán ewé ọ̀gọ̀rọ̀, mọ́ ọn lọ́rùn, o máa so ó, o tún máa mú òmíràn. Ibi tí ìko dì ni aró ò ní dé, ibẹ̀ ló máa funfun. Rẹ ìko sínú omi kí o tó lò ó, nítorí tó bá gbẹ, jíjá ló máa ń já. Fà á le. Bí ẹni ń dirun fún ọmọ tí kò ní tú u títí ọ̀sẹ̀ méjì ni kí o ṣe dì í. Ibi tó bá dẹ̀, aró á yọ́ wọlé síbẹ̀, òdòdó tó yẹ kó mọ́ rekete á wá dà bí ẹni da tíì sáṣọ.

Títú rẹ̀ ni mo fi jẹ gbèsè. Ojú ń kán mi, mo mú abẹ, mo gé ìko, mo sì gé aṣọ oníbàárà mọ́ ọn. Owó ọjọ́ mẹ́ta bá a lọ. Fi èékánná wá ojú ìsó kí o tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kódà bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ń fi abẹ tú tirẹ̀. Ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ.

Ní ti sísá aṣọ, kò pọ̀: má jẹ́ kí aṣọ tútù méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ fara kanra, kí o sì máa wo ojú ọ̀run. Òjò oṣù kẹjọ kì í pọ̀, àmọ́ kì í ránṣẹ́ síwájú.

Ibi tí mi ò ti ní bá ẹ ṣeré rárá nìyí. Láyé àtijọ́, ewé ẹlú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń rà lọ́jà ló pọ̀ jù nísinsìnyí, kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite ni wọ́n sì ń pò mọ́ ọn. Kọ́sítíìkì ń jó ara, ó sì lè fọ́ni lójú. Tí omi bá kàn án, ó máa ń gbóná. Inú omi ni àgbà tó bá ń pò ó máa ń da kọ́sítíìkì sí díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í da omi lé e lórí, torí ó lè ta sókè. Ìwọ, jìnnà síbẹ̀. Tí o bá fẹ́ bá wọn gbé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú aró jáde, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà tó bo ọmọ ìka. Tó bá ta sí ẹ lára, bọ́ aṣọ tó kàn kúrò, máa da omi sí i lọ títí, má fi epo pa á, pariwo pe àgbà kí wọ́n gbé ẹ lọ sí ọsibítù. Tí ọ̀gá bá ní kí o wá pò ó, ohun tí mo máa ń sọ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá mi ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Di ẹ̀bi ru ìyá ẹ, kò ní bínú.

Bákan náà ni ẹrù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, kò sì fàyè gba kí wọ́n di ẹrù tó lè pa ọmọ lára lé e lórí. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25 ni. Pín in sínú korobá.

Owó mi, ₦200 lọ sọ́dọ̀ alájọ lójúmọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, ₦100 ni mo fi ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń yọ fún ara rẹ̀ lóṣù, torí náà má bá a jà tí kò bá pé. Káàdì rẹ ni kí o tọ́jú. Ohun tí mo kó ni mo fi ra matisẹ́ẹ̀tì àti ìwé bàọ́lọ́jì.

Aago mẹ́rin wá lù. Lódìkejì ọ̀nà, lábẹ́ igi kan, àwọn bàbá ń ta ayò. Mo dúró wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ọ̀kan tó ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o fẹ́ jókòó ni?" Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà tìẹ, mẹ́fà tèmi, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. O máa kó ti ihò rẹ kan, o máa pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Tí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé mi, tó sì sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Fi ojú ka ibi tó máa parí sí kí o tó fọwọ́ kó o. Àwọn bàbá yẹn kì í jẹ́ kí n dá a padà. Má sì tètè tú odù rẹ ká, ìyẹn ihò tí ọmọ ti kún bámúbámú. Òun ló máa ń dẹ́rù bani lójijì. Ẹni tó bá pa ẹ ni ọ̀ta, ìwọ ni òpè, òǹwòran á sì pariwo ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọjà.

Tí kò bá sí ọpọ́n nílé, wá kíréètì ẹyin. Ojú 30 ló ní, márùn-ún lọ́nà kan, mẹ́fà lọ́nà kejì. Fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà, ó ti di ọpọ́n. Ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Èmi àti àbúrò mi fi kíréètì bẹ́ẹ̀ ta ayò títí ó fi rà lọ́wọ́ wa.

SS3 nìkan ni mo dín in kù, torí wàéèkì. Ní ọlidé tó gbẹ̀yìn, mo pa bàbá tó kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì léra. Wọ́n ní kí n jókòó, kí a ta ẹ̀kẹta. Mo ní, "Bàbá, aago mẹ́fà ti lù, màmá mi ń retí mi." Wọ́n ní òpè ló máa ń sá.