Ẹ́ńjìnnì bàálù sáré kọjá ìlà pupa: àṣìṣe tí kò yẹ kí páílọ́ọ̀tì ṣe

"Kò pẹ́ rárá, ẹ́ńjìnnì náà sì ń dún dáadáa." Ohun tí ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n tó pa ọ̀rọ̀ mọ́ra, àṣìṣe tó sì burú jù nìyẹn.

Ẹ wo Cessna 172S, bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan. Ìlà pupa rẹ̀, ìyẹn òpin eré ẹ́ńjìnnì lójú aago àyípo, wà ní 2,700 àyípo láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá dé 2,970, ẹ máa rò pé ìdá 10 nínú 100 péré ló fi lé. Agbára tó ń fa apá pòròpẹ́là síta ńkọ́? Ìdá 21 ló fi lé, torí bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bóòtù kọ́nírọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó so písítìn mọ́ kíránkì (ọ̀pá tó ń yí pòròpẹ́là), náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Sípíríǹgì lè má lè dá fááfù padà lásìkò mọ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ní irin tí wọ́n so mọ́ kíránkì láti pa ìgbọ̀n rẹ̀, irin náà lè máa lu búùṣì rẹ̀ títí yóò fi jẹ ẹ́. Kò sí èyí tí ẹ máa gbọ́ lórí ìjókòó yín.

Ẹ kọ iye tí abẹ́rẹ́ dé àti bó ṣe pẹ́ tó sínú ìwé bàálù. Lycoming, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù, ní bó bá ti kọjá ìdá 10, kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sì tú u palẹ̀. Àwọn mìíràn á tú ẹ́ńjìnnì tán, wọ́n á gbàgbé pòròpẹ́là. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìlànà tirẹ̀, ẹ tẹ̀lé èyí náà.

Lójú òfuurufú, ẹ má rọ imú bàálù sílẹ̀ kí ẹ sì fi tọ́rọ́tù, ìyẹn lífà agbára ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀ gbayawu. Atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ń yí pòròpẹ́là. Pòròpẹ́là tí gọ́fánọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì yí apá pòròpẹ́là kí eré rẹ̀ má bàa yí padà) ń darí tún ní ọ̀ràn tirẹ̀: lára ọ̀pọ̀ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, bí ọ́ìlì bá já gọ́fánọ̀ kulẹ̀, apá pòròpẹ́là á tẹ́ pẹrẹsẹ, eré á sì ru sókè. Ẹ má dúró máa fa lífà pòròpẹ́là nìkan, ó lè má rí nǹkan kan mú mọ́. Ẹ dín tọ́rọ́tù kù, ẹ rọra gbé imú sókè kí eré bàálù wálẹ̀.

Lóòótọ́, aago àyípo àtijọ́ lè purọ́. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ́lẹ̀ wọn ọ́n kí wọ́n tó ná owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kí bàálù náà má fò títí wọn yóò fi wọn ọ́n tán.