Ìṣirò ẹrù méjì lórí okùn àti púlì: ibi tí 6.7 ti di 4

Ẹrù 3 kg wà lórí tábìlì tó ń yọ̀, okùn gba orí púlì kọjá, 2 kg sì so rọ̀ ní ìdí kejì. g, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 10. Acceleration (bí eré ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) tí èmi àti àbúrò mi ń rí ni 6.7, ìwé ní 4.

A yí g sí 9.8, pàbó. A yí àmì ìròpọ̀ sí ìyọkúrò, ó tún burú sí i.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé a ya ẹrù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ lórí bébà, a fi ọfà sí gbogbo agbára tó ń fà á. Ìgbà yẹn ló hàn pé okùn kì í fa 3 kg ní 20 N (newton; 2 × 10, ìwúwo 2 kg) bí a ṣe rò tí a fi ń ṣe 20 ÷ 3 = 6.7. Bó bá jẹ́ 20 ni, ṣe ni 2 kg yẹn ì bá dúró sójú kan, kò ní sọ̀ kalẹ̀ rárá! Ẹ pe agbára okùn ní T, ẹ pe acceleration ní a; agbára tó ṣẹ́kù lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan jẹ́ kg rẹ̀ × a. Ti orí tábìlì: T = 3a. Ti èyí tó so rọ̀: 20 − T = 2a. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, T á pa rẹ́: 20 = 5a, a = 4 m/s², T = 12 N.

Bí tábìlì bá ń ha ẹrù, ẹ yọ agbára híha náà kúrò lára T ní ìlà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí púlì fúnra rẹ̀ bá wúwo, èyí nìkan ò ní tó, torí T ìhà méjèèjì ò ní dọ́gba mọ́.